Wolé-wolé ní Àgọ́-Iyọ̀

Lánàá, Tọ́lá gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní òun gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́, òun sì ń wá ìlú kan létí omi tí òun lè lọ, níbi tí ariwo ò ti ní sí, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní máa kánjú. Ó fi àwòrán hàn mí: àga gbọọrọ létí òkun, igi àgbọn, ilé kéékèèké tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe. Ó wò mí, ó ní, "Grandpa, na hotel be dis o." Ó túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ò ní ará.

Òun ló fà á tí mo fi ní kí gbogbo yín jókòó. Mo mọ ìlú kan bẹ́ẹ̀ rí. Èmi kọ́ ni mo wá a rí o, wọ́n rán mi síbẹ̀ ni, iṣẹ́ tí mo sì ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi yangàn. N kò sọ ọ́ fún yín títí di òní nítorí pé Màmá Àgbà yín wà láyé, ìtàn náà sì jẹ́ tirẹ̀ ju tèmi lọ. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí tí ó ti lọ. Mo lè sọ ọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tún un ṣe sí mi lẹ́nu.

Ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira ni wọ́n gbé mi wá sí Warri láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Nígbà náà, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni gbogbo wa wà, láti Abẹ́òkúta títí dé Forcados, wọ́n sì lè gbé òṣìṣẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì bí ẹni gbé àpótí ìjókòó láti pálọ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wolé-wolé ni mí. Ẹ̀yin ò mọ̀ wọ́n mọ́. Àwa la máa ń wọ kakí tí a fi sítáṣì lọ̀ títí yóò fi le bíi páálí, a ó gbé ìwé há abíyá, a ó wọ ilé onílé, a ó ṣí àmù wọn, a ó yọjú wo inú rẹ̀ bóyá tanwíjí ń jà níbẹ̀. Tí a bá rí i, a ó da omi náà nù, a ó kọ orúkọ onílé sílẹ̀, ó di kóòtù. Bí a bá ti yọ ní ìgun àdúgbò báyìí ni àwọn obìnrin á ti máa ké pé, "Wolé-wolé ń bọ̀ o!" kí ará ilé kejì lè tètè gbá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Mo fẹ́ràn igbe yẹn. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Warri ìgbà náà kò fẹ̀ tó báyìí rárá. Ugbolokposo tí a jókòó sí yìí, igbó ni. Ojú ọ̀nà Airport Road tí Tọ́lá ń gbà lọ síbi iṣẹ́, oko ẹ̀gẹ́ ni ènìyàn máa ń rí níbẹ̀. Ìgbésí ayé ìlú náà wà létí odò. Fèrè ọkọ̀ ojú omi ló ń jí wa láàárọ̀, a sì ń gbọ́ ìró ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Èdè bíi mẹ́fà ni ènìyàn máa gbọ́ kó tó ra ẹ̀kọ. Mo tètè kọ́ Pidgin, nítorí pé wolé-wolé tí kò bá gbọ́ èébú tí wọ́n ń bú u, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó bínú.

Oṣù kẹta tí mo dé ni ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì pè mí. Ó ní ìwé kan lọ́wọ́ tí wọ́n kọ orúkọ àwọn abúlé etí omi sí, ó fi bírò gún ọ̀kan nínú wọn. "Àgọ́-Iyọ̀," ó ní. "Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ rí nínú wa. Lọ wò ó, kí o kọ ohun tí o bá rí."

Mo wọ láńṣì, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, láàárọ̀, mo sọ̀kalẹ̀ níbi tó ń dé mọ, mo wọ ọkọ̀ alájẹ̀. A ń wà á lọ láàárín igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò wọn dúró sórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Ilẹ̀ tán pátápátá kí a tó dé. Ìlàjẹ ni àwọn ará ibẹ̀. Àwọn bàbá wọn àgbà ló tẹ̀lé ẹja láti apá Ìwọ̀-Oòrùn wá, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń se omi òkun títí yóò fi di iyọ̀, ibẹ̀ sì ni orúkọ ìlú náà ti wá. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibi tí èmi bá ti ń sọ pé "wọ́n", "àghan" ni tiwọn. Orí òpó ni gbogbo ilé wọn wà, omi lábẹ́ ilé, omi níwájú, omi lẹ́yìn. Afárá oparun tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi so ilé kan mọ́ èkejì.

Ẹ wo wolé-wolé ní irú ibẹ̀. Mo béèrè Baálẹ̀. Wọ́n fi bàbá kan tó sùn gbalaja sórí ẹní hàn mí, ọ̀sán gangan. Ó jí, ó kí mi dáadáa, kò dìde. Mo béèrè ibi tí ṣáláńgá wọn wà. Ó fi ọwọ́ hàn mí odò. Mo sọ fún un pé òfin ní kí ilé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ ṣáláńgá tí ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ó wo omi tó wà lábẹ́ wa, ó wò mí, ó ní, "Gbẹ́ ẹ kí n wò."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, wọ́n sì padà sẹ́nu àwọ̀n tí wọ́n ń tún ṣe. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé mi ò wá ṣeré. Mo bọ́ sórí afárá oparun láti lọ ṣí àmù ilé kejì, bàtà aláwọ tí mo wọ̀ yọ̀, mo bọ́ sómi tòun ti ìwé àti fìlà. N kò mọ̀wẹ̀. Obìnrin kan tí ó ń yan ẹja lókè dojú bolẹ̀ lórí oparun, ó na ọwọ́, ó gbá bẹ́líìtì mi mú, ó fà mí sókè bí ẹni fa ìgèrè. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀ kó má baà jóná. Màmá Àgbà yín nìyẹn, Ọmọ́wùmí, ọmọ Baálẹ̀. Ì bá rẹ́rìn-ín, ìbínú mi ì bá kéré.

N kò lò tó wákàtí méjì níbẹ̀. Inú ọkọ̀ tí mo fi ń padà ni mo ti kọ ìròyìn mi, pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Mo kọ ọ́ pé ibẹ̀ kò yẹ kí ènìyàn máa gbé. Mo kọ ọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ya ọ̀lẹ, ọ̀sán gangan ni mo bá wọn lórí oorun. Mo kọ ọ́ pé kí ìjọba kó wọn lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀gá mi kà á, ó yin ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ó fi í ránṣẹ́ sókè. Èmi gbàgbé rẹ̀.

Oṣù Ọ̀wàrà wọlé dé. Ẹ ti gbọ́ nípa ọjọ́ òmìnira nílé ìwé, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ní Warri, wọ́n kan pèpéle pákó sétí odò fún àwọn ìjòyè àti òyìnbó tí yóò lọ, àwọn ọmọ ilé ìwé mú àsíá kékeré dání, ọkọ̀ alájẹ̀ sì wá láti gbogbo ẹsẹ̀ odò láti dárà lórí omi níwájú wọn. Ìlù, ìbọn, fèrè. Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ tèmi. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn agbálẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń kó èèpo ọsàn àti àsíá bébà. Ọ̀sán ti pọ́n. Bí mo ṣe gbójú sókè, ọkọ̀ méje ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò, aṣọ funfun ni gbogbo àwọn inú rẹ̀ wọ̀, àwọn obìnrin dúró, wọ́n ń kọrin, àwọn ọkùnrin ń gbé àjẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń sọ ọ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará Àgọ́-Iyọ̀ ni. Wọ́n kọjá níwájú pèpéle tí kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Wọ́n yí padà, wọ́n tún kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn agbálẹ̀ mi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Baálẹ̀ rí mi, ó ní kí wọ́n wa òun súnmọ́ etí odò.

"Wolé-wolé, ṣé àná ni?"

"Àná ni, Bàbá."

"Lánàá, omi ò dára." Ó wo pèpéle náà. "Ṣé òmìnira náà ti tán ni?"

Mo ní kò tán.

"Ó dáa nígbà yẹn." Ó ronú díẹ̀, ó tún ní, "Ìwọ yìí, o ò jẹun nílé wa lọ́jọ́sí. Wá lọ́jọ́ tí o ò bá mú ìwé dání."

Mo lọ nígbà Kérésìmesì. N kò lè sọ ìdí tí mo fi lọ. Owó ọkọ̀ àtilọ sí Ìjẹ̀bú wà lápò mi, ẹsẹ̀ mi sì gbé mi lọ sí ibi láńṣì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo kọ. Oorun ọ̀sán tí mo pè ní ọ̀lẹ, ó ní ìdí. Omi ló ń darí wọn. Bí omi bá fà ní ìdájí, ìdájí ni àwọn ọkùnrin á lọ. Bí ó bá yí padà, àwọn náà á yí àkókò wọn padà. Kí oòrùn tó là, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tí àgbẹ̀ ń ṣe láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin á gba ẹja, wọ́n á là á, wọ́n á tò ó sórí àgbàn tí wọ́n fi ń yan án, èéfín á bo gbogbo ìlú. Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ á wá dé. Ẹ ò lè mọ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń ké nílé gbogbo ènìyàn. Ènìyàn á máa gbọ́ ìdí ọkọ̀ tó ń kan òpó ilé, kó, kó, kó. Á máa gbọ́ akàn tó ń rìn lórí oparun. Ẹni tó wà nílé kìíní á bá ẹni tó wà nílé karùn-ún sọ̀rọ̀ láì gbé ohùn sókè, omi á gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń béèrè agogo. Tí mo bá bi wọ́n pé ìgbà wo ni a máa jẹun, wọ́n á ní, "Nígbà tí omi bá kan òpó kejì."

Ọmọ́wùmí máa ń mọ ẹni tó ń bọ̀ láti inú ìró àjẹ̀ rẹ̀. Ó ti ka ìwé dé kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kí ìyá rẹ̀ tó kú, ó sì máa ń ka gbogbo ohun tó bá dé ọwọ́ rẹ̀, títí kan bébà tí wọ́n fi ń di ọṣẹ. Òun ló kọ́ mi láti rìn lórí oparun láìwọ bàtà, láti fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tí kókó wà. Ó kọ́ mi láti jẹ pupuru pẹ̀lú ọbẹ̀ ọ̀bọ̀kún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ewúrẹ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti Baálẹ̀, tí kò tẹ ilẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ láti lọ tà á, ó dùbúlẹ̀, ó kọ̀ láti rìn; wọ́n tún gbé e padà wálé. Wọ́n fi ewúrẹ́ náà rẹ́rìn-ín fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

N kò ní parọ́ fún yín. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀ bí iyanrìn. Àwọn ọmọdé ń wúkọ́ nítorí èéfín. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo lò níbẹ̀, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn apẹja ń rọbí, ọmọ náà dábùú. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ọkùnrin mẹ́fà ń wà á lọ sí Warri bí ẹni tí nǹkan ń lé. Ìrìn wákàtí méje ni. Ó kú kí wọ́n tó dé ibi tí odò ti fẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé yẹn ni irọ́, èyí sì ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn fún mi títí di òní.

Mo ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìsinmi. Ọdún kejì, mo sọ fún Ọmọ́wùmí pé mo fẹ́ ẹ. Ó ní kí n lọ bá bàbá òun. Bàbá rẹ̀ ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wá láìmú ìwé dání. A mú oṣù kan tí àwọn ènìyàn mi yóò wá láti Ìjẹ̀bú.

Oṣù yẹn ò tíì pé nígbà tí ọ̀gá tún pè mí. Ìwé wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó ní àwọn tó wà lókè ti fèsì sí ìròyìn mi. Kí gbogbo ará Àgọ́-Iyọ̀ kúrò níbẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Wọ́n ti ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú igbó, ìrìn wákàtí méjì sí omi.

"Ìwọ lo máa mú un lọ," ó ní. "Iṣẹ́ rẹ ni. Orúkọ rẹ ló wà lórí ìròyìn náà."

Mo mú un lọ. Àwọn ènìyàn péjọ síwájú ilé Baálẹ̀, àwọn mìíràn jókòó sínú ọkọ̀ wọn lábẹ́ pèpéle. Mo ka ìwé náà lédè òyìnbó, mo túmọ̀ rẹ̀. Ohùn mi ò gbọ̀n, mo rántí ìyẹn, ó sì ń yà mí lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó pariwo. Baálẹ̀ ní, "Ẹja ńkọ́? Ṣé wọ́n á kó òun náà lọ sínú igbó?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọmọ́wùmí na ọwọ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun wo ìwé náà.

Ó kà á jẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Mo mọ ibi tí ó dé.

"Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan wá síbí, òun ló sọ fún àwọn pé ibí ò yẹ ní gbígbé," ó ní. "Ta ni òṣìṣẹ́ yìí?"

Mo lè sọ pé n kò mọ̀. Èdè òyìnbó díẹ̀ ló gbọ́, orúkọ mi ò sì sí nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ronú nípa rẹ̀. N kò ní sọ pé n kò ronú nípa rẹ̀.

"Èmi ni," mo ní.

Ó fi ìka sí ibi tó kà dé.

"Ọjọ́ wo lẹ kọ ọ́?"

"Ọjọ́ tí mo ṣubú sómi."

"Ẹ ò tíì jókòó lọ́jọ́ náà."

"N kò tíì jókòó."

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé a ya ọ̀lẹ."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ lọ kọ òmíràn," ó sì wọlé.

Mo dìde láti máa lọ. Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún mi. Mo ní ebi ò pa mí. Ó ní, "Jókòó, wolé-wolé. Omi ò tíì yí. O ò lè lọ." Òótọ́ ni. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó sáàárín wọn, abọ́ oúnjẹ níwájú mi. Wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹja. Obìnrin kan bu omi fún mi. Ọkọ aya tó kú lójú odò yẹn wà níbẹ̀, ó jókòó ní ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sí mi, ó ń lọ́ okùn. Ó ní, "Tí ẹ bá máa kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ pé láńṣì la nílò." Nígbà tí omi fà tó, wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀, wọ́n dá gbére fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kò sí ẹni tó tíì jẹ mí níyà tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ìwé kejì. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí wọ́n ń ṣe é. Mo kọ ọ́ pé kí láńṣì máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ìjọba fi agbẹ̀bí kan síbẹ̀, kí wọ́n fún wọn ní àgbá tó ní ìdérí fún omi òjò. Mo kọ ọ́ pé ẹni tó kọ ìwé àkọ́kọ́ kò mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Èwo nínú méjèèjì ni irọ́?"

"Àkọ́kọ́, sà. Púpọ̀ nínú rẹ̀."

"Tí mo bá fi èyí ránṣẹ́, wọn ò ní bínú sí èmi. Ìwọ ni."

"Ẹ fi ránṣẹ́, sà."

Ó fi í ránṣẹ́. Ènìyàn gidi ni, n kò gbọdọ̀ gbàgbé láti sọ ìyẹn. Wọ́n fún mi ní kúẹ̀rì, wọ́n mú ìgbéga tó yẹ kí n gbà kúrò, àwọn tí mo ṣáájú níbi iṣẹ́ di ọ̀gá mi. Èsì ìwé náà ò dé. Oṣù mẹ́fà pé, ó kọjá. Kò sí ẹni tó wá lé àwọn ará Àgọ́-Iyọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ò lè dúró kí wọ́n máa retí ọlọ́pàá. Mo wà létí odò ní Warri lọ́jọ́ tí mo rí ọkọ̀ kan tó ń kọjá. Odidi ilé ni wọ́n tú sínú rẹ̀: òrùlé nísàlẹ̀, ògiri oparun tí wọ́n ká bí ẹní lókè, obìnrin kan sì jókòó sórí ògiri ilé rẹ̀, ó ń dáná. Mo dá a mọ̀. Òun ló bu omi fún mi. Ó juwọ́ sí mi.

Ilé mẹ́jọ ló lọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ Mid-West kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba tuntun, ọ́fíìsì tuntun, fáìlì nínú páálí káàkiri ilẹ̀. Láàárín rògbòdìyàn yẹn ni èsì mi jáde, bébà kan ṣoṣo, ìlà mẹ́ta: wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ kíkó Àgọ́-Iyọ̀ dúró. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n ní kí àwa Yorùbá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yàn, bóyá a máa padà sí Ìbàdàn tàbí a máa dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń di ẹrù. Wọ́n ní àyè ṣì kù nínú lọ́rì. Ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa kúẹ̀rì mi. Mo lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Mo wọ láńṣì, mo wọ ọkọ̀ alájẹ̀, mo lọ sí Àgọ́-Iyọ̀. N kò rí Ọmọ́wùmí láti ọjọ́ tó ti ká ìwé yẹn sí mẹ́rin, ó ti lé lọ́dún kan. Ó wà nídìí ẹja. Mo fún un ní bébà náà, ó nu ọwọ́, ó kà á.

"Ilé mẹ́jọ ti lọ," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Wọn ò ní padà."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ní gbogbo yín ń padà sí Ìbàdàn."

"N kò lọ."

Ó ń yí ẹja níkọ̀ọ̀kan, láti ìlà kìíní dé ìkẹta. Mo dúró. N kò ní nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní ibi tí mo ń lọ. Nígbà tó yá, láì gbójú sókè, ó ní, "Ẹ bá mi yí àwọn tó wà lápá ọ̀hún. Wọ́n ti ń jóná."

Bí mo ṣe fẹ́ ìyá yín àgbà nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ fi jẹ́ ará Warri, tí ẹ ò fi jẹ́ ará Ìbàdàn. A gbé nílé àyágbé ní Warri, a sì ń lọ sí Àgọ́-Iyọ̀ bí àyè bá ṣe gbà wá. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìwé yẹn di ẹ̀fẹ̀ rí, kò sì fi í bú mi. Ìgbà kan péré, nígbà tí a ti dàgbà, ó ní, "Tí àwọn ilé mẹ́jọ yẹn bá wà níbẹ̀ ni, bóyá ìlú náà ì bá tún lágbára díẹ̀." Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́.

Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Láńṣì ò lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, agbẹ̀bí ò sì dé. Iṣẹ́ epo dé, àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀lé e. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi tuntun, iyọ̀ òkun wọ ibi tí kò wọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹja lọ síbi tí àjẹ̀ ò lè dé. Baálẹ̀ kú lórí ẹní rẹ̀, ọ̀sán gangan, wọ́n rò pé ó ń sùn ni. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń lọ níkọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ilé àbúrò rẹ̀ nìkan, títí kò fi ku ilé kankan mọ́.

Ọdún tí ó ṣáájú èyí tó kú ni Ọmọ́wùmí ní kí n mú òun lọ. Àìsàn ti mú un lẹ́sẹ̀. Mo háyà ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, wákàtí kan àti díẹ̀ ni a fi débẹ̀. Ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Òpó díẹ̀ ló kù nínú omi, dúdú, wọ́n ti jẹrà sínú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹnì kan fi tapólì ta àtíbàbà kékeré kan, ó sá àwọ̀n. Ọkùnrin Ìjọ́ kan ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ọgbọ̀n lọ. Ó kí wa dáadáa.

Ọmọ́wùmí bi í pé, "My pikin, wetin una dey call dis place?"

Ó ní, "Mama, e no get name. Na just place wey I dey fish."

"E get name," ó ní. Ó di etí ọkọ̀ mú, ó dìde dúró. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. "Na Àgọ́-Iyọ̀."

"Agoyo," ọkùnrin náà ní.

"Rárá. Àgọ́. Iyọ̀."

Ó gbìyànjú rẹ̀. Kò pè é dáadáa. Ó tún gbìyànjú, Ọmọ́wùmí sì ń mi orí, ó ń pè é fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ ilé ìwé, ọkùnrin náà pẹ̀lú sì fi àwọ̀n sílẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ó tó pè é bó ṣe yẹ. Ọmọ́wùmí ní, "Ehen," ó jókòó, ó sì ní kí ọlọ́kọ̀ máa gbé wa lọ.

A ti jìnnà díẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà tún ké e tẹ̀lé wa lórí omi, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣì lè pe orúkọ náà. Ó pè é bó ṣe yẹ. Ìyá yín àgbà gbé ọwọ́ sókè sí i, kò sì bojú wẹ̀yìn.